Owó Wọlé, Ojú Ìwé Ò Rí I

Ọjọ́ kejì tí a fi ẹ̀bùn ìparí ọdún kún owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni akápò pè mí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni, níbí ní Ìbàdàn. Èmi ni mo kọ ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣọ́ owó wọn. Màmá náà kì í pariwo. Bí nǹkan bá ṣe bàjẹ́ tó ni ohùn wọn ṣe máa ń rẹlẹ̀ tó. "Ẹnjiníà, o kú iṣẹ́ o. Owó wọlé lóòótọ́, àmọ́ ojú ìwé ò rí i."

Ohun tí wọ́n ń wí rèé. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, àwọn 312, ni ₦1,500 ti kún owó wọn. Bí ẹnì kan bá wo iye tó ní, ó pé. Ṣùgbọ́n bó bá ṣí ibi tí a ń kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde sí, ₦1,500 kankan ò sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí a fọwọ́ kan àkáǹtì rẹ̀ kẹ́yìn ṣì wà nínú oṣù kọkànlá. Lójú akápò, èyí burú ju kí owó má tiẹ̀ wọlé rárá lọ. Owó tí kò wọlé, èèyàn á kàn béèrè rẹ̀ ni. Owó tó wọlé tí kò nítàn, ọ̀rọ̀ olè ló máa kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn, ta ni wọ́n sì máa fura sí bí kò ṣe akápò?

Mo jókòó ti kóòdù mi fún wákàtí mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà ò kọ àṣìṣe kankan síta. Ìlà kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà:

Member.objects.filter(active=True).update(balance=F('balance') + 1500)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Django, àkójọ irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì ní èdè kọ̀ǹpútà Python, ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Fún ẹ̀yin tó kù: ìlà yìí ní kí dátábéèsì, ibi tí ètò ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí, mú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ṣì ń dáwó, kó fi 1,500 kún iye tí olúkúlùkù ní, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́lẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń mú wọn, màá ṣe ìṣirò, màá pe save(), àṣẹ tó ń tọ́jú àyípadà sínú dátábéèsì, ó di ẹnì kejì. Ó máa ń pẹ́. Èyí, kí n tó ṣẹ́jú, ó ti parí, ó sì dá 312 padà fún mi. Inú mi dùn débi pé mo lọ fi ẹ̀wà àti búrẹ́dì ṣe ara mi lóore.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé ara save() ni mo so àkọsílẹ̀ owó mọ́. Bí save() bá ti ṣẹlẹ̀ ni Django máa ń ta àmì kan tí wọ́n ń pè ní post_save, àmì yẹn ló sì ń jí apá tó ń kọ̀wé dìde. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ sú mi ni mo lọ ṣí ìwé ìtọ́kasí Django níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ update(). Mo kà á lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kógbá ọ̀rọ̀ wọlé, wọ́n ní "ní ìparí", wọ́n wá fara balẹ̀ sọ ọ́: inú SQL, èdè tí dátábéèsì ń gbọ́, ni update() ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, kì í pe save() kankan, kì í sì í ta pre_save tàbí post_save. Wọ́n tilẹ̀ fi ìlà mẹ́ta kóòdù sí i fún ẹni tó bá nílò save(): máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ gan-an nìyẹn, kí ọgbọ́n tó pọ̀ jù fún mi.

Ibi tó dùn mí sí ni pé mo ti dé ojú ìwé yẹn rí, ó lé ní ogún ìgbà. Àpẹẹrẹ ni mo máa ń wò. Àpẹẹrẹ ní àwọ̀, ó wà nínú àpótí tirẹ̀, ó ṣeé dà kọ. Gbólóhùn tí ì bá gbà mí sílẹ̀ ò ní àwọ̀ kankan. Dúdú lórí funfun ni, láàárín àwọn dúdú lórí funfun mìíràn. 312 tí mo rí tí mo fi lọ jẹ ẹ̀wà náà, wọ́n ti ṣàlàyé ẹ̀ síbẹ̀: iye ìlà tí ó bá àwárí mu ni, kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ti déètì náà ńkọ́? Ojú ìwé mìíràn ló wà. Mo ti fi auto_now, èyí tó ń kọ ọjọ́ sí i fúnra rẹ̀, sí àyè ọjọ́ náà, mo sì gbà pé bí ohunkóhun bá ti yí padà ni ọjọ́ á yí. Lójú ìwé àwọn field, ìyẹn àwọn àyè tí a ń kọ nǹkan sí, lábẹ́ DateField tó jẹ́ àyè ọjọ́, wọ́n kọ ọ́ pé ìgbà tí a bá pe save() nìkan ni auto_now ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì dárúkọ update() ní tààràtà pé tirẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹjọ́ kan, ojú ìwé méjì ni wọ́n ti rò ó. Mi ò bínú sí wọn mọ́. Ìwé ìtọ́kasí kì í mọ ohun tí èèyàn fẹ́ ṣe. Ohun tí a bá bi í nìkan ló ń dáhùn, abẹ́ orúkọ ẹni tí a bi ló sì ń dáhùn sí.

Mo kọ àkọsílẹ̀ tó sọnù fún àwọn 312 náà, mo fi ọjọ́ tí owó wọlé gan-an sí i, mo sì kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pé ẹ̀bi mi ni, kí wọ́n má wo akápò lójú.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń ka ìwé ìtọ́kasí bí ẹni ń ka ìwé àdéhùn ilẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò báyìí ni àdírẹ́sì ojú ìwé, kí n tó ka ọ̀rọ̀ kankan. Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn Django pín ìwé wọn sí, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Èyí tó ní /intro/ nínú àdírẹ́sì rẹ̀ ló ń mú ọmọ tuntun lọ́wọ́ dání. /topics/ ń ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. /howto/ wà fún ẹni tó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe, tó kàn ń wá ọ̀nà. /ref/ ni ìwé ìtọ́kasí gan-an, níbi tí wọ́n ti to gbogbo orúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, ohun tó ń dá padà, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń já wọ /ref/ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, wọ́n á ní ìwé náà le. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, tó ní kó lọ sí ọjà sípéà páàtì ní Gate kó lọ kọ́ bí mọ́tò ṣe ń rìn. Gbogbo mọ́tò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní túútúú. Ọ̀gá rẹ̀ ń dé ọjà náà, ó mọ ohun tó ń wá lórúkọ, ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi ń jáde. Bí ọmọ náà bá jókòó síbẹ̀ di alẹ́, orúkọ irin nìkan ló máa mú lọ sílé.

Ibi tí Django ti wá wà lára ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ìwé wọn. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní ìlú Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Adrian Holovaty àti Simon Willison, kí Jacob Kaplan-Moss tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Oṣù keje ọdún 2005 ni wọ́n gbé e síta fún gbogbo ayé. Orúkọ Django Reinhardt, olórin jáàsì tó ń ta gìtá, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìwé náà tilẹ̀ kìlọ̀ pé D iwájú orúkọ náà kì í dún, tó fi jẹ́ pé "Jángò" tí àwa ń pè é níbí ló tọ̀nà. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn akọ̀ròyìn á mọ̀ pé èèyàn kan máa ka ohun tí òun kọ. Àwọn framework kan, irú ohun èlò tí Django jẹ́, wà tí mo ti lò, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló wú ìwé ìtọ́kasí wọn jáde látinú kóòdù. Ẹ tẹ orúkọ method kan, ìyẹn àṣẹ kan, bíi setName, ẹ ó rí àlàyé lábẹ́ rẹ̀: "ó ń ṣètò orúkọ". Ẹ ṣeun o.

Ẹ má fi dátà ṣòfò, ẹ̀wẹ̀. Wọ́n máa ń gbé odidi ìwé náà sílẹ̀ ní HTML, PDF àti ePub fún ẹni tó bá fẹ́ gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ti HTML ni mo ní. Bí iná bá lọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà bá tẹ̀ lé e, bátìrì kọ̀ǹpútà mi ṣì máa ń tó mi ka ojú ìwé méjì mẹ́ta, mo sì ti ṣàkíyèsí pé ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń kàwé dé ìsàlẹ̀, torí pé kò síbòmíràn tí mo lè sá lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́ mi ní èyí tó kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo rò pé mò ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ó dé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ null àti blank, àwọn méjì tó máa ń da gbogbo ọmọ tuntun lójú rú. Ó ka gbólóhùn náà ní Gẹ̀ẹ́sì geere, ó ní òun ti gbọ́ ọ.

"Ó yá, sọ ọ́ ní Yorùbá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, òfìfo ni méjèèjì."

"Kí ni wọ́n wá ń ṣe ní orúkọ méjì?"

Ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, torí mi ò tíì rí bí mo ṣe máa sọ ọ́ láìfi Gẹ̀ẹ́sì bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí ìwé sọ kò gùn: null, ti dátábéèsì nìkan ni, blank, ti àyẹ̀wò ohun tí èèyàn kọ sínú fọ́ọ̀mù ni. A bá a yí títí a fi rí i. Blank ń dáhùn ẹni tó ń kún fọ́ọ̀mù: ṣé mo lè fo ibí yìí? Null ń dáhùn dátábéèsì: ṣé mo lè má ní nǹkan kan níbí rárá, kó má tilẹ̀ jẹ́ òfìfo? Àbúrò mi ló wá ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé, "Àṣé igbá òfìfo yàtọ̀ sí àìsí igbá."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dì mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ igbá yìí ló tú ohun kan tó ti há mi lọ́fun láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú ẹgbẹ́ náà, mo ní kí nọ́ńbà fóònù ẹnì kan má bá ti ẹlòmíràn dọ́gba, mo fi unique=True sí i; mo tún ní ẹni tí kò bá ní fóònù lè fò ó, mo fi blank=True sí i. Ìyá àgbà kan tí kò ní fóònù wọlé, kò sí wàhálà. Ìyá àgbà kejì tí kò ní fóònù dé, kọ̀ǹpútà ta kú pé nọ́ńbà wọn ti wà lórúkọ ẹlòmíràn. Nọ́ńbà wo? Igbá òfìfo ni mo gbé sílẹ̀ fún ìyá àkọ́kọ́, igbá òfìfo ni mo tún gbé wá fún ìkejì, dátábéèsì sì rí i pé igbá méjèèjì jọra wọn bí ìbejì. Bí mi ò bá gbé igbá kankan sílẹ̀ ńkọ́? A ò lè mú àìsí igbá méjì ká fi wọ́n wéra. Ìwé ìtọ́kasí ti kọ ọ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí: ẹ má fi null=True sí CharField, àyè tí a ń kọ ọ̀rọ̀ sí, àfi ìgbà kan, ìgbà tí unique=True àti blank=True bá jọ wà lórí rẹ̀. "Àfi" yẹn ni mo fò. Mo ti ka "ẹ má fi", mo ti gbà, mo ti ṣí ojú ìwé mìíràn.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ìlà tí mi ò lè sọ ní Yorùbá, mo mọ̀ pé kò tíì yé mi. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ queryset, orúkọ tí Django fún àkójọ ohun tí a bá wá nínú dátábéèsì, o. Ẹ pè é ní queryset. Ohun tó ń ṣe àti ohun tí kò ní ṣe ni kí ẹ sọ.

Ìlà àkọ́kọ́ lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan tún gba ìtúmọ̀ tirẹ̀, ìlà tó kún fún àkámọ́ àti àmì ìdọ́gba. Ohun tó bá ní àmì ìdọ́gba lára, èyí tí wọ́n ti fún ní iye sílẹ̀, èèyàn lè fi í sílẹ̀. Èyí tí kò ní, dandan ni. Bí ẹ bá wá rí ìràwọ̀ (*) tó dá dúró, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ni kí ẹ fi pè é, ẹ má kàn nawọ́ rẹ̀ wọlé. Àmì kejì ni ọ̀pá tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ (/), èyí tí Python gbà wọlé ní ẹ̀yà 3.8 lọ́dún 2019. Ohun tó bá ṣáájú ọ̀pá yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ rárá. Ipò tó wà nìkan la fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé èyí fún àbúrò mi, ìyàwó mi gbọ́ láti kíṣìnnì, ó ní, "Bí ìyàwó ilé ò ṣe gbọdọ̀ pe ọmọ ọkọ lórúkọ náà nìyẹn." Mi ò tíì rí ìwé Python kan tó ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, kíákíá. Ọdún 2018 ni mo bẹ̀rẹ̀ Django, mo sì ń tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ kan tí ẹnì kan ti kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà ẹ̀yà 1 kan ṣáá. Mo kọ ForeignKey, àyè tó ń so àkọsílẹ̀ kan mọ́ òmíràn, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, Python ní kò sí on_delete, èyí tó ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a bá pa àkọsílẹ̀ tí a so mọ́ rẹ́. Mo fi ọjọ́ méjì wá ibi tí mo ti kọ ọ́ kù. Kò sí ibi tí mo ti kọ ọ́ kù: ní ẹ̀yà 2.0, tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2017, ni on_delete di dandan. Ṣáájú ìgbà náà, bí èèyàn ò bá sọ nǹkan kan, CASCADE, ìyẹn pé kó pa ohun tó so mọ́ ọn rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ni Django ń mú. Ẹni tó kọ ẹ̀kọ́ náà ò purọ́, ayé ló ti yí lẹ́yìn rẹ̀. Google náà kì í bi yín léèrè ẹ̀yà tí ẹ ń lò kó tó gbé ojú ìwé fún yín. Bí ó bá gbé yín dé ojú ìwé ẹ̀yà tó ti kú, ìkìlọ̀ kan máa wà lókè pé wọn ò tọ́jú ẹ̀yà yìí mọ́; ibi tí èèyàn ti ń yí ẹ̀yà wà nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún. Ọjọ́ méjì, torí nọ́ńbà kan tó wà nínú àdírẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an, ìyẹn orúkọ wa.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì ni. Bàbá náà ò lè fojú rí orúkọ tí kò ní àmì ohùn, wọ́n ní ìhòhò ló wà. Mo fẹ́ kí ojú ìwé ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀ nínú àdírẹ́sì, mo sì lo slugify, irinṣẹ́ tí Django fi ń sọ ọ̀rọ̀ di ohun tó ṣeé fi ṣe àdírẹ́sì. "Ọ̀ṣun" wọlé, "osun" jáde. Bàbá ní rárá. Mo ṣí ìwé ìtọ́kasí, mo rí i pé mo lè fi allow_unicode=True sí i kó lè gba lẹ́tà èdè mìíràn. Àpẹẹrẹ wà níbẹ̀, èdè Ṣáínà ni wọ́n fi ṣe é, ó sì jáde láìyingin. Mo ní bí ti Ṣáínà bá lè jáde, tiwa á jáde. Mo dà á kọ.

"Adéṣọlá" jáde bó ṣe wọlé, àfi A ńlá tó di kékeré. Mo pe bàbá pé ó ti parí. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n pè mí padà: kí ló dé tí "Ọ̀ṣun" di "ọṣun"? Àmì tó wà lábẹ́ wà níbẹ̀, tòkè ti lọ. Mo dán ọkọ̀ wò, mo dán ọkọ́ wò, mo dán ọ̀kọ̀ wò, mo dán ọkọ wò. Ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọkọ́ tí à ń fi ro oko, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù, ọkọ tó ń gbé ìyàwó, gbogbo wọn di "ọkọ".

Mo padà lọ ka ọ̀rọ̀, mo fi àpẹẹrẹ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé slugify máa ń yọ ohunkóhun tí kì í bá ṣe lẹ́tà tàbí nọ́ńbà, ìlà ìsàlẹ̀, àmì ìsopọ̀ tàbí àlàfo kúrò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, lẹ́tà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ta orúkọ wa. Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń to lẹ́tà gbogbo èdè, ní á tó ní àmì lórí gẹ́gẹ́ bí ẹyọ lẹ́tà kan, ó ní ọ tó ní àmì lábẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ lẹ́tà kan. Ṣùgbọ́n ọ tó ní ti abẹ́ àti ti òkè pọ̀, ọ̀ àti ẹ̀, kò ní ẹyọ tirẹ̀. Lẹ́tà kan ni, kí àmì ohùn tó dá dúró wá jókòó lé e lórí. Lójú Python, àmì tó dá dúró yẹn kì í ṣe lẹ́tà, kì í sì í ṣe nọ́ńbà. Ó gbá a dànù bó ṣe ń gbá àmì ìyanu. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ slugify lójú ìwé náà, wọ́n kọ "source" síbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo rí kóòdù rẹ̀, ìwọ̀nba ìlà díẹ̀ ni, ohun tí ìwé sọ náà ló sì ń ṣe láìyẹ̀ kúrò. Wọn ò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Orúkọ Yorùbá ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa wà níbẹ̀.

Ohun kan náà ló ń jẹ́ kí wíwá orúkọ máa kùnà. Bí fóònù kan bá kọ "Ọ̀ṣun" tó so àmì abẹ́ mọ́ lẹ́tà rẹ̀, Python á ka márùn-ún. Bí kọ̀ǹpútà mìíràn bá tú gbogbo àmì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á ka méje. Lójú èèyàn, orúkọ kan ni. Lójú dátábéèsì, ẹni méjì ni wọ́n. Ìwé Django sọ ọ́ pé wọ́n ń sọ orúkọ ìwọlé, username, di ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní NFKC kí irú èyí má bàa ṣẹlẹ̀. Orúkọ ìwọlé nìkan ni wọ́n dá. Àyè mìíràn tí ẹ bá fúnra yín ṣe, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ di ọ̀kan. Mo ṣe é báyìí: gbogbo orúkọ ń di NFC, ọ̀nà tó ń so àmì mọ́ lẹ́tà níbi tí ẹyọ kan bá ti wà fún un, kó tó wọlé, mo sì ní àyè kejì tó ń tọ́jú orúkọ náà láìlámì rárá, fún wíwá nìkan, nítorí akápò wa kì í fi àmì sí nǹkan kan ní tiwọn. Àdírẹ́sì ojú ìwé sì di nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́. Bàbá gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó sàn kí orúkọ má wọlé ju kó wọlé níhòhò lọ.

Inú save() ni mo kọ ọ̀rọ̀ NFC náà sí. Ẹ ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ tún orúkọ àdúgbò kan kọ fún ogójì èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọwọ́ mi ti ń kọ .upd kí n tó fà á padà.

Mo wá fi àkíyèsí kan sókè kóòdù náà, ní Yorùbá, fún ẹnikẹ́ni tó bá máa dé ibẹ̀ lẹ́yìn mi (docs ni àwa ń pe ìwé ìtọ́kasí):

# Má lo update() níbí. Ìdí rẹ̀ wà nínú docs.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi tẹ̀ mí láago lálẹ́. Ó ní òun ti rí ìkìlọ̀ mi, òun sì ti ń wá ìdí ọ̀hún láti ọ̀sán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, docs ẹ̀yà wo? Ojú ìwé wo?"